Fáyà wọ́dìn ni mí ní Central Area: mo padà sínú èéfín lọ wá ẹni tí kò sí níbẹ̀

AlájàKẹrin · Àbújá · Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, torí láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa.

Ilé alájà mẹ́fà ni ọ́fíìsì wa wà. Èmi ni fáyà wọ́dìn àjà kẹrin, ìyẹn ẹni tó ń kó àwọn èèyàn jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Bí wọ́n ṣe yàn mí ni pé wọ́n pè mí, wọ́n fún mi ní ẹ̀wù àwọ̀sókè aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń tàn yanran, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì ni mo gbà, ọdún kẹta rè é.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó ku díẹ̀ kí aago kan ààbọ̀ lù, àláàmù ké. Àwọn kan ti lọ kírun, àwọn kan wà lẹ́nu oúnjẹ. Bátìrì ínfátà ló ń jó nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífìtì, ní àjà kejì. Mo wọ ẹ̀wù mi, mo pariwo, mo kó àwọn èèyàn mi gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí a dé ìta, mo kà wọ́n: mọ́kànlélógún. Méjìlélógún ló fọwọ́ síwèé láàárọ̀. Ẹni tó kù ni ọmọ kópà wa, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé oṣù méjì lọ́dọ̀ wa. Mo pe fóònù rẹ̀, kò gbé e.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà wọlé.

Títí dé àjà kìn-ín-ní, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì ṣeé mí. Bí mo ṣe yà sí àtẹ̀gùn àjà kejì ni èéfín pàdé mi, ó dúdú, ó ki, ó ń rùn bí ike tó ń yọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, n kò rí ọwọ́ ara mi. Irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni mo dì mú. Mo ń ka àtẹ̀gùn lọ́kàn, torí mo mọ̀ pé mọ́kànlá ló wà títí dé ibi tó ti ṣẹ́rí. Mo ka mẹ́jọ, n kò mọ ohun tí mò ń kà mọ́. Ojú mi ń ṣe wìnnìwìnnì, ẹsẹ̀ mi di òwú. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì ń fi ìdí wọ́ bọ̀ nílẹ̀ bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, títí ọwọ́ kan fi fà mí láti ìsàlẹ̀.

Kópà wà ní òdìkejì títì. Máásà ló lọ rà. Ó dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò pẹ̀lú ọ̀rá máásà lọ́wọ́, ó ń wo ilé wa. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì lókè.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń kí mi pé akọni ni mí. Inú mi kò dùn sí i rárá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ìgbà wo gan-an ni iṣẹ́ wọ́dìn parí? Tí n kò bá padà, tó sì jẹ́ pé ó wà lókè ńkọ́? Ohun kejì: àgádágodo ló wà lára ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Wọ́n ní torí olè ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lọ kírun.

---

BàbáPanápaná · Kúbwa · Ọjọ́ Àìkú, 9:52 alẹ́

Ọmọ mi, kú ewu. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù lọ́la kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ wò, torí èéfín bátìrì kì í ṣe ẹgbẹ́ èéfín igi. Ara ẹlòmíì á le koko lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ni mímí á wá máa ni ín lára.

Iṣẹ́ panápaná ni mo ṣe dàgbà, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti bá wọn gbé òkú àwọn tó padà wọlé jáde. Iná kò kan ọ̀pọ̀ nínú wọn rárá. Aṣọ wọn ṣì mọ́, bàtà wọn wà lẹ́sẹ̀. Èéfín ló pa wọ́n. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín tí kò ní òórùn tí kò ní àwọ̀, òun ló ń gba ààyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ máa ń dàrú. Ìdí nìyẹn tí o fi ka mẹ́jọ tí o kò mọ ohun tí ò ń kà mọ́. Má ṣe rò pé ojo ló mú ọ. Ká ní o gòkè díẹ̀ sí i ni, ibẹ̀ ni ò bá sùn sí.

Ní ti ìbéèrè rẹ: iṣẹ́ wọ́dìn parí níbi tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá wọ́dìn, ní ibi ìpéjọ níta, pé "àjà kẹrin ṣófo," tàbí pé "àjà kẹrin kò ṣófo, ẹnì kan kù, ibi báyìí ni mo ti rí i kẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Gbogbo ariwo tí o pa, gbogbo ilẹ̀kùn tí o kàn, nítorí kí o lè rí ọ̀rọ̀ yẹn mú jáde ni. Bí ọkọ̀ wa bá dé, ohun tí ọ̀gá wa ń kọ́kọ́ bèèrè ni: ṣé èèyàn kù nínú ilé? Níbo? Kí ló ń jó? Bí a bá rí ìdáhùn, a ti mọ ọ̀nà tí a ó gbà. Àwa ní ìbòjú, a gbé afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, méjì méjì la sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ bá ti wà nínú èéfín, ta ni yóò sọ fún wa? A ó wá máa wá ẹni méjì.

Jẹ́ kí n bi ọ́: ta ló mọ̀ pé o padà wọlé?

---

AlájàKẹrin · Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́

Ẹ ṣé, Bàbá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́gádì wa ló rí ẹ̀yìn mi bí mo ṣe ń wọlé. Òun ló so aṣọ mọ́mú tó wá fà mí.

---

BàbáPanápaná · Ọjọ́ Àìkú, 10:09 alẹ́

Bá mi kí i gidigidi. Sọ fún un pé aṣọ lásán kì í dá èéfín dúró, kó má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí i.

---

ÌyáÌbejì_Lugbe · Ọjọ́ Ajé, 6:31 àárọ̀

Ẹ kú ewu, Alájà Kẹrin. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn tó ń tọ́jú ilé ọ́fíìsì kan ní Utako, èmi náà sì ni wọ́dìn ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi nígbà tí wọ́n ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́.

Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ mi, mẹ́sàn-án nínú wọn ló jẹ́ pé Hausa nìkan ni wọ́n gbọ́ já. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò, mo fi gbogbo ohùn pariwo pé "Fáyà! Ẹ jáde!" Obìnrin kan ń nu gíláàsì, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì ń nù ún lọ. Ó rò pé ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí ká ní iná ni lóòótọ́, ẹ̀rín yẹn ni ǹ bá máa rántí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti pè é lédè wa, "Gobara! Ku fita!" ni mo ń fi lé e. Gobara ni wọ́n ń pe iná tó ń jólé. Bí ẹ bá ní "wuta" lásán, iná ìdáná ni ẹlòmíì á rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin wọ́dìn Àbújá àti gbogbo òkè ọya, ẹ kọ́ ọ sórí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìwé tí ẹ fi ń kà wọ́n. Ẹ ní ẹni méjìlélógún ló fọwọ́ síwèé. Ẹni tó ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe? Ọmọ tó gbé omi wá? Ṣé wọ́n wà nínú ìwé yín? Àwọn èèyàn mi kì í sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ni mo fi ra ìwé kékeré kan tí mò ń kọ orúkọ wọn sí láràárọ̀ pẹ̀lú àjà tí kálukú wà. Ó wà nínú àpò épúrọ́ọ̀nù mi báyìí bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin wọ́dìn ọkùnrin, ẹ má tijú àtiwọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ pariwo, ẹ wọlé. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ iná, ẹ jẹ́ kí ẹ̀sín yá.

---

ỌmọỌ̀fà_Jabi · Ọjọ́ Ajé, 7:48 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Bàbá sọ, mo sì mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ń sin ìjọba lọ́wọ́ ní Minna. Bó bá jẹ́ òun ló há sókè, tí wọ́dìn rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ dárí jì í.

Mo sì rántí Rick Rescorla, olórí ètò ààbò ilé iṣẹ́ owó Morgan Stanley ní ilé gogoro World Trade Center ní New York. Ní 11 oṣù kẹsàn-án 2001, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọ lu ọ̀kan nínú ilé gogoro méjèèjì, tí ìkéde sì ní kí àwọn tó wà nínú ilé kejì jókòó sáyè wọn, ó kọ̀. Ó mú gbohùngbohùn, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀kalẹ̀, bí 2,700 ló jáde láàyè. Lẹ́yìn náà ló padà gòkè lọ wá àwọn tó kù. Ibẹ̀ ló kú sí. Ṣé ẹnì kan wà tó máa sọ pé aláìmọ̀kan ni?

---

ÌṣọraLóògùn · Kàdúná · Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀, Ọmọ Ọ̀fà. Iṣẹ́ ààbò níbi iṣẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan níbí, mo sì máa ń sọ ìtàn Rescorla fún àwọn tí mò ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gba 2,700 èèyàn là. Lẹ́yìn bọ́ǹbù tó bú nínú ilé yẹn ní 1993, ó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo òṣìṣẹ́, àti ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́, máa sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn ọ̀gá ráhùn pé ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà. Ọdún mẹ́jọ tó fi ń dà wọ́n láàmú ló gbà wọ́n. Pípadà gòkè rẹ̀ jẹ́ ìfẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò ní fi kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti àbúrò yín: ohun tó máa gba á là ni kí wọ́dìn rẹ̀ ti wo gbogbo yàrá kó tó sọ̀kalẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí á wò dáadáa. Alájà Kẹrin, ẹ ní ẹ pariwo, ẹ sì kó wọn sọ̀kalẹ̀. Ṣé ẹ wo yàrá ìpàdé? Ṣé ẹ wo sítọ́ọ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti ń kírun? Ká ní ẹ rí àga kópà náà lófìfo, tí ẹ rí i pé gbogbo yàrá ṣófo, ìbá ti dá yín lójú nísàlẹ̀ pé kò sí lókè, ìwé ló ń parọ́.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyí. Láti ibi tó jìnnà jù sí àtẹ̀gùn ni wọ́dìn ti ń bẹ̀rẹ̀, kó máa bọ̀ síhà àtẹ̀gùn, kí iná má baà há a mọ́ ẹ̀yìn. Bó bá dé ilẹ̀kùn tó wà ní pípadé, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kó fi kàn án, kó má fi àtẹ́lẹwọ́, torí bí àtẹ́lẹwọ́ bá bó, kò ní lè di irin àtẹ̀gùn mú mọ́. Bó bá gbóná, kó má ṣí i. Kó pariwo orúkọ, kó tẹ́tí, kó rántí yàrá náà, kó lọ sọ ọ́ nísàlẹ̀. Bí kò bá gbóná, kó ṣí i, kó wo ìsàlẹ̀ tábìlì pẹ̀lú, kó pa á dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Pípa ilẹ̀kùn dé máa ń dá èéfín dúró ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kó má fi kọ́kọ́rọ́ tì í o.

Ẹ̀rọ ìpaná, sìlíńdà pupa yẹn, iná tí kò ju garawa ìdalẹ̀nù lọ ni kó dojú rẹ̀ kọ, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, tí ilẹ̀kùn àbájáde sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá kú, kó sọ ọ́ sílẹ̀ kó máa lọ. Ní ọ́fíìsì kan tí mo yẹ̀ wò, ẹ̀rọ ìpaná ni wọ́n fi di ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn sí gbayawu, kí atẹ́gùn lè máa wọlé nígbà tí kò sí iná NEPA. Mo dúró mo ń wò ó. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe láti dá èéfín dúró, ohun tí wọ́n ṣe láti pa iná ni wọ́n fi ṣí i sílẹ̀ fún èéfín.

---

AlájàKẹrin · Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

N kò wo yàrá ìpàdé. N kò wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹnu àtẹ̀gùn ni mo dúró sí tí mò ń pariwo. Kò sẹ́ni tó ti bi mí léèrè yẹn rí kí ẹ tó bi mí.

---

Àdùkẹ́Ọ̀pá · Wuse · Ọjọ́ Ajé, 12:40 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, torí èmi ni irú ẹni tí wọ́dìn ń padà lọ gbé.

Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi ní kékeré. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn, àjà karùn-ún ni ọ́fíìsì mi wà. Nígbà tí a ṣe ìdánrawò àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́rin sáré wọlé wá bá mi, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, wọ́n gbé mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ bí àpò iṣu. Síkẹ́ẹ̀tì mi ká. Ọ̀kan nínú wọn yọ̀ ní àtẹ̀gùn àjà kẹta, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wa yí gbiri lulẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ò rọ́nà kọjá. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ìta, wọ́n gbé mi kalẹ̀ lórí kankéré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀pá mi wà lókè. N kò lè dìde. Níbi ìpéjọ yẹn ni mo jókòó sí nínú oòrùn títí wọ́n fi lọ mú un wá.

Mo sunkún délé. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá wọ́dìn wa, mo ní ẹ wá, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé, bí àláàmù bá ké, èmi àti ẹnì kan tí mo fúnra mi yàn á lọ dúró ní ibi ìsinmi àtẹ̀gùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń dá èéfín dúró. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ á kọ́kọ́ kọjá. Wọ́dìn á bojú wò wá, á ka orúkọ wa, á lọ sọ nísàlẹ̀ pé "ẹni méjì wà ní àtẹ̀gùn àjà karùn-ún, apá ọ̀tún." Bí èrò bá ti kọjá, mo lè fi ìdí sọ̀kalẹ̀ fúnra mi, ẹni kejì á gbé ọ̀pá. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó gba àkókò, ṣùgbọ́n mo dé ilẹ̀. Kí èéfín tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibẹ̀, a ti gbọ́dọ̀ máa lọ.

Alájà Kẹrin, nígbà tí mo kà pé ẹ fi ìdí sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ẹ kú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan wà ní àjà yín tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó lóyún, tó ní ikọ́ fée, tó ń gbààwẹ̀ lóṣù Ramadan. Ẹ bi í kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì bi í ní ìdákọ́ńkọ́.

---

ỌmọỌ̀fà_Jabi · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹni tó máa dúró ti àbúrò mi lókè, àti ẹni tó máa sọ ibi tó wà nísàlẹ̀, mo wá rí i pé àwọn méjèèjì ló ń wá a.

---

Akọ̀wéMaitama · Ọjọ́ Ajé, 2:03 ọ̀sán

Ọ̀gá tó ní òun kò ní dìde ńkọ́? Ní ọ́fíìsì wa, dáríẹ́kítọ̀ kan ń juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ, òun wà lórí fóònù. Mo dúró tì í bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. N kò lè bú u, n kò lè fà á.

---

BàbáPanápaná · Ọjọ́ Ajé, 4:27 ìrọ̀lẹ́

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, àwọn yàrá tó kù ni o jà lólè. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì yéni: "Ọ̀gá, iná ń jó ní àjà kejì, àtẹ̀gùn apá òsì ló ṣeé gbà, ẹ dìde nísinsìnyí." Ẹni tí o bá sọ ibi tí iná wà àti ọ̀nà tó ṣeé gbà fún máa ń dìde ju ẹni tí o kàn ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jáde" fún. Bó bá kọ̀, mú orúkọ rẹ̀ àti yàrá rẹ̀ lọ́wọ́, kí o máa lọ. Sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá wí níbí. Wọ́n á yan ọmọ kékeré ṣe wọ́dìn, wọn kò ní sọ fún ọ̀gá kankan pé lọ́jọ́ iná, ọmọ yìí ló ń pàṣẹ. Bí ẹ bá fún un ní ẹ̀wù, ẹ fún un ní ẹnu pẹ̀lú. Àkúkújoyè sàn ju ẹnu-mi-ò-ká-ìlú lọ.

---

ÌṣọraLóògùn · Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Kò mọ sí ọ̀gá nìkan. Ní oṣù karùn-ún 1979, ilé ìtajà Woolworths jó ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 10 kú. Àwọn kan nínú ilé oúnjẹ ibẹ̀ kò tètè dìde nídìí àwo oúnjẹ wọn, bẹ́ẹ̀ iná ń bọ̀. Èèyàn máa ń fẹ́ parí ohun tó dáwọ́ lé ni. Nítorí náà ni ohùn wọ́dìn ṣe gbọ́dọ̀ le, kó sì tún balẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ní ti àgádágodo, Alájà Kẹrin, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí jù. "Torí olè" náà ni wọ́n ní ní ilé ìránṣọ Triangle ní New York. Ní 25 oṣù kẹta 1911, iná ṣẹ́ yọ níbẹ̀, ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan wà ní títì, èèyàn 146 kú, ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà la ṣì ń sọ ní Àbújá. Irin wà tí wọ́n ń dè mọ́ ilẹ̀kùn, tí ẹni tó wà nínú ilé á kàn fi ara tì tó máa ṣí, ṣùgbọ́n tí ẹni tó wà níta ò lè ṣí. Olè kò ní wọlé, èèyàn yóò sì jáde.

---

BàbáPanápaná · Ọjọ́ Ajé, 5:38 ìrọ̀lẹ́

Ó tọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ rántí ilé gíga tó jó ní Broad Street ní Ìsàlẹ̀ Èkó, 16 oṣù kẹsàn-án 2025. Àwọn panápaná Èkó sọ pé yàrá ínfátà lábẹ́ ilé ni iná ti bẹ̀rẹ̀, èéfín sì gba inú ilé gòkè bá àwọn tó wà lókè. Àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ̀mí ṣòfò. Ínfátà tirẹ náà nìyẹn, ọmọ mi, àjà kejì ló wà, ẹ̀yin wà lókè rẹ̀.

Níbí náà, nígbà tí Treasury House, ọ́fíìsì Accountant-General ìjọba àpapọ̀, ní Garki jó ní 8 oṣù kẹrin 2020, kónílé-ó-gbélé ni ìlú wà. Mo máa ń ro ó wò: ká ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ilé kún ni ńkọ́?

Ohun mìíràn kù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí àláàmù bá ti ké, àwọn kan á sáré lọ gbé ọkọ̀ wọn kúrò, wọ́n á sì fi dí géètì tí ọkọ̀ panápaná máa gbà wọlé. Fi wọ́dìn kan sí géètì. Kẹ́ ẹ sì pe 112 kíá, ẹni tó bá pè é kó sọ àmì tí a fi ń dá ilé mọ̀, ilé epo tàbí bàǹkì tó wà nítòsí, torí nọ́ńbà "plot" àti nọ́ńbà ilé kì í bára mu nílùú yìí. Ká má rò pé ẹlòmíì ti pè.

---

ÌyáÌbejì_Lugbe · Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Kẹ́ ẹ fi kún un pé bí àláàmù bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé kí á padà wọlé. Àwọn èèyàn mi rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀gá panápaná kò bá tíì ní kí á wọlé, kò sẹ́ni tó ń wọlé lọ mú báàgì.

---

AlájàKẹrin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ sí ọsibítù lánàá, dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi mọ́, ṣùgbọ́n kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì.

Mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yín jáde, mo gbé e lọ bá ẹni tó ń bójú tó ilé wa. Ó kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ àgádágodo kì í ṣe tèmi. Mo ní kó bá mi dé ìdí ilẹ̀kùn náà, kó di ojú rẹ̀, kó wá kọ́kọ́rọ́ láàárín ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì ṣí i. Ó fọwọ́ wá a, ó wá a, ó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun á kọ̀wé béèrè irin tí wọ́n ń fi ara tì yẹn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò lè jáde lóṣù yìí.

Mo rin àjà kẹrin láti ìpẹ̀kun dé àtẹ̀gùn, mo ń ka ilẹ̀kùn. Mẹ́tàdínlógún ni. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí n kò ṣí rí láti ọdún mẹ́ta. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò sọ fún mi ní ìdákọ́ńkọ́ pé orúnkún òun kò gba àtẹ̀gùn sísọ̀ kíákíá. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe wọ́dìn rẹ̀, n kò mọ̀. Kópà wa ní òun fẹ́ jẹ́ igbákejì wọ́dìn, òun sì ló kọ "Gobara! Ku fita!" sára ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri, torí ọmọ Katsina ni.

Ọjọ́bọ̀ ni a ó ṣe ìdánrawò. Aago kan ọ̀sán ni mo ní kí wọ́n fi sí, àsìkò oúnjẹ gan-an.

---

BàbáPanápaná · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:41 alẹ́

O káre. Kí owó irin yẹn tó jáde, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

---

AlájàKẹrin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 alẹ́

Ọwọ́ mi ló wà, Bàbá. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni mò ń ṣí i, mo sì ń tì í bí mẹ́gádì bá ti jẹ́rìí sí i pé ilé ṣófo. Àgádágodo náà fúnra rẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ mi ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́.